Oògùn Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn fún Ẹsẹ̀ Tó Ń Jó Bí Iná: Bẹ́ ẹ Ṣe Máa Lò Ó

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú ẹ̀rù kúrò lọ́kàn yín. Tí dókítà bá kọ amitriptyline tàbí duloxetine fún yín torí ẹsẹ̀ tó ń jó tàbí ìdí tó ń ta dé àtẹ́lẹsẹ̀, kò túmọ̀ sí pé wọ́n rò pé orí yín ti ń yí, wọn ò sì sọ pé irọ́ lẹ̀ ń pa. Lóòótọ́, torí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni wọ́n ṣe kọ́kọ́ ń lò wọ́n, amitriptyline ti wà lọ́jà láti 1961, àmọ́ ó pẹ́ táwọn dókítà ti rí i pé ó ń dín ìrora nẹ́ẹ̀fù, ìyẹn iṣan tó ń gbé ìròyìn láti ara lọ sí ọpọlọ, kù, kódà lára ẹni tí inú ẹ̀ ń dùn látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ní kẹ́míìsì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ lápá Ìgbọ̀nà ní Òṣogbo níbí rèé: màmá á gba oògùn lọ sílé, ọmọ-ọmọ tó wà ní sẹ́kọ́ńdírì á ka bébà pélébé inú páálí, á ní Màmá, wọ́n mà kọ ọ́ síbí pé oògùn dìpírẹ́ṣọ̀n ni o, ó tán. Màmá á sọ oògùn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á lọ ra diclofenac, tó bá wá di oṣù tó ń bọ̀ wọ́n á sọ fún dókítà pé oògùn yẹn ò ṣiṣẹ́. Oògùn tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ibo ló ti fẹ́ ráyè ṣiṣẹ́? Torí náà ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ̀ ń bá àwọn òbí yín ka ìwé oògùn, ẹ ka èyí náà sí wọn létí.

Kì í ṣe gbogbo ìrora ni oògùn yìí wà fún o. Eékún tó ti ń dún kẹ̀kẹ̀, ọgbẹ́, ẹ̀yìn tó ń dunni torí pé èèyàn gbé àpò sìmẹ́ńtì lánàá, ìyẹn ọ̀tọ̀. Ti nẹ́ẹ̀fù, ẹ máa mọ̀ ọ́n látẹnu ẹni tó ń ṣe: ó ń jó mi bí ìgbà tí wọ́n fi ata pa mí lẹ́sẹ̀, ó ń gún mi bí abẹ́rẹ́, ó ń gbá mi bí iná NEPA, ó dà bíi pé èèrà ń rìn lábẹ́ awọ mi, aṣọ ìbora lásán tó bá kàn mí ariwo ni, tó bá wá di òru ó tún ń le sí i. Ibi tó ń jó yẹn kan náà sì tún lè kú, débi pé sálúbàtà á bọ́ lẹ́sẹ̀ èèyàn kò ní mọ̀, á máa rìn lọ ni.

Nínú àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa, àtọ̀gbẹ ló máa ń fà á jù, ìyẹn ìtọ̀ ṣúgà tó ti pẹ́ lára. Ìléròrò tó sú sí ẹ̀gbẹ́ kan ara, tí dókítà pè ní shingles, lè lọ tán kí ìrora ẹ̀ dúró síbẹ̀ fún oṣù tàbí ọdún. Kòkòrò HIV lè fà á, eegun ẹ̀yìn tó ń tẹ nẹ́ẹ̀fù mọ́lẹ̀ lè fà á, ìjàǹbá ọ̀kadà tàbí iṣẹ́ abẹ náà lè fà á. Ọtí àmujù náà ńkọ́. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú nìyí: àwọn ohun kan wà tó ń fà á tó jẹ́ pé wọ́n ṣeé wò tààrà. Ẹni tó ti ń lo metformin, oògùn ṣúgà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, fítámì B12 ara ẹ̀ lè ti lọ sílẹ̀, ẹni tó ń lo isoniazid fún ikọ́ àwúgbẹ lè máà ní fítámì B6 tó. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá ó yẹ kẹ́ ẹ ṣe tẹ́ẹ̀sì B12 àti ṣúgà ná, torí tó bá jẹ́ pé B12 ló ń pa yín lẹ́sẹ̀, amitriptyline kàn ń bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ ni.

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé o: tí ẹ̀yìn bá ń dùn yín wọ ẹsẹ̀, tẹ́ ẹ wá rí i pé ẹ ò lè tọ̀ mọ́ tàbí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ń bọ́ lára yín, abẹ́ yín àti ibi tẹ́ ẹ fi ń jókòó ti kú, tàbí ẹsẹ̀ méjèèjì rọ lójijì, ẹ pa ìwé yìí tì kẹ́ ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ oògùn mímu.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Nẹ́ẹ̀fù tó ti bàjẹ́ dà bíi spíkà mọ́ṣáláṣí tí wáyà ẹ̀ ti já, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ síbẹ̀ ó ń han gooro. Paracetamol àti ibuprofen ò lè pa á lẹ́nu mọ́ dáadáa, torí iṣẹ́ tiwọn lára ibi tó wú tàbí tó fara pa ni. Ọpọlọ wa fúnra ẹ̀ ní ọ̀nà tó ń gbà dín ìrora kù, àṣẹ á ti ìsàlẹ̀ ọpọlọ gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn lọ, kẹ́míkà tó fi ń ṣe iṣẹ́ náà sì ni noradrenaline àti serotonin. Oògùn wọ̀nyí kì í jẹ́ kí kẹ́míkà méjèèjì tètè kúrò níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Amitriptyline tún máa ń dí ọ̀nà tí sódíọ̀mù ń gbà wọ inú nẹ́ẹ̀fù, kó má baà máa yìnbọn láìnídìí. Ẹ ò ríi pé kò sí ọ̀rọ̀ wèrè nínú gbogbo èyí. Ìwọ̀n amitriptyline tí wọ́n sì ń lò fún ìrora kéré gan-an sí ti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ìlàjì tàbí ìdámẹ́ta ẹ̀ nígbà míràn.

Àmọ́ kò ní tún nẹ́ẹ̀fù ṣe fún yín o, mi ò ní parọ́. Ariwo ló ń dín kù. Ṣúgà tẹ́ ẹ ò bá mójú tó á máa ba nẹ́ẹ̀fù jẹ́ lọ nígbà tẹ́ ẹ̀ ń sùn dáadáa. Ẹsẹ̀ tó ti kú náà ṣì nílò ìtọ́jú: ẹ máa wo abẹ́ ẹsẹ̀ yín lálaalẹ́, tẹ́ ẹ ò bá lè tẹ̀ wò ó kí ọmọ bá yín wò ó, ẹ má rìn láìwọ bàtà kódà nínú pálọ̀, ẹ má sì ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná láìjẹ́ pé ẹlòmíì ti fi ọwọ́ wò ó. Mo ti rí ẹni tí omi gbígbóná bó lẹ́sẹ̀ tí kò sì mọ̀ títí dàárọ̀. Lórí Aboniki, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà, ẹ ṣáà má fi pa ojú ọgbẹ́.

Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ó ní ohun tí dókítà gbọ́dọ̀ gbọ́ látẹnu yín, ẹ má dúró dìgbà tó bá béèrè, èrò kílíníìkì pọ̀ ó lè máà rántí. Tí ọkàn yín bá ti dáṣẹ́ sílẹ̀ rí tàbí ó máa ń lù ségesège, ẹ sọ ọ́, amitriptyline ò dára fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n ní kẹ́ ẹ lọ ṣe ECG, ìyẹn àyẹ̀wò bí ọkàn ṣe ń lù, ná. Ẹ̀yin bàbá wa tí próstéètì ń yọ lẹ́nu, tẹ́ ẹ̀ ń dúró pẹ́ kí ìtọ̀ tó wá, ẹ sọ ọ́, ẹ má tijú, torí oògùn yìí lè sé e pátápátá. Gílákómà ojú ńkọ́, wárápá ńkọ́, ẹ̀dọ̀, kíndìnrín, oyún, ọmọ tó wà lọ́mú, gbogbo ẹ̀ ni kẹ́ ẹ sọ. Ẹni tó bá máa ń ní ìgbà tí ara ẹ̀ máa ń yá lódì, tó lè lo ọjọ́ mẹ́ta láìsùn, tó ń náwó ní ìnákúnàá, kó sọ ìyẹn náà torí oògùn yìí lè tún gbé e dìde. Àwọn tó ti lé ní ọdún 65, wọ́n máa ń rọra ṣe é fún wọn, nítorí ìṣubú. Ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ọdún 25, kí àwọn ará ilé máa fojú sí i ní ìbẹ̀rẹ̀, ó lè mú kí èrò láti pa ara ẹni wá sọ́kàn, tó bá ti wá, ẹ tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ní Òṣogbo níbí, State Hospital tó wà ní Asubiaro wà ńlẹ̀, UNIOSUN Teaching Hospital wà, èyí tọ́pọ̀ èèyàn ṣì ń pè ní LAUTECH. Ẹ kó gbogbo oògùn tẹ́ ẹ̀ ń lò sínú ọ̀rá kan, àgbo inú ike náà, kẹ́ ẹ gbé e lọ. Má sọ pé "oògùn pupa kékeré kan báyìí", oògùn pupa kékeré pọ̀ láyé yìí.

Ó yá, amitriptyline. Òun ló wọ́n kéré jù nínú gbogbo wọn, òun náà ni mo máa ń rí jù lórí ìwé oògùn. Àpẹẹrẹ bí dókítà ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ni 10mg lálẹ́. Èyí tó pọ̀ jù nílé oògùn lọ́dọ̀ wa ni 25mg, torí náà ó ṣeé ṣe kó kọ ìlàjì ẹ̀ fún yín, ẹ jẹ́ kí fámásíìsì bá yín pín in tí ọwọ́ yín bá ń gbọ̀n. Ẹ máa lò ó ní wákàtí kan sí méjì kẹ́ ẹ tó sùn. Ẹni tó ń kírun lè so ó mọ́ ìṣáà, tó bá ti kí i tán kó lò ó, kò ní gbàgbé. Ẹ má dúró dìgbà tí sinimá bá parí láago méjìlá òru kẹ́ ẹ tó gbé e mì o, torí oorun ẹ̀ á bá yín dé aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ ó wá máa sọ pé oògùn ń pa yín bí ọtí.

Tó bá tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan tí ara ti gbà á, dókítà lè fi 10mg tàbí 25mg lé e, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ìrora á fi rọlẹ̀ tàbí títí ara á fi sọ pé ó tó. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò nílò ju 75mg lọ fún ìrora nẹ́ẹ̀fù. Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe jù ni pé wọ́n lò ó fọ́jọ́ mẹ́ta, ẹsẹ̀ ṣì ń jó, wọ́n fúnra wọn wá gbé e di hóró méjì, ó di hóró mẹ́ta, tí wọ́n fi ṣubú nínú ilé ìwẹ̀. Oògùn yìí ò dà bí Panadol tẹ́ ẹ máa lò tí orí fífọ́ á fi lọ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Oorun lè tètè dára láti alẹ́ àkọ́kọ́, ìrora a máa bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, àmọ́ kẹ́ ẹ tó lè sọ pé ó ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, kẹ́ ẹ sì ti lo ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán lórí ìwọ̀n tó ga jù tí ara yín gbà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ ò ní jáde ní kùtù ọjọ́ kejì. Ọlọ́kadà, awakọ̀, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ ìránṣọ tàbí ẹ̀rọ ìlọ̀ta, ẹ ṣọ́ra títí ẹ ó fi mọ bó ṣe ń ṣe yín.

Ẹnu á gbẹ. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti gbogbo èèyàn. Ẹ máa fi omi tọ́ ẹnu wò díẹ̀díẹ̀, ẹ jẹ pákò, orin tẹ́ ẹ bá ń rin náà ń pe itọ́ wá, ṣùgbọ́n ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kó má lọ máa la TomTom látàárọ̀ torí ẹnu gbígbẹ, ṣíngọ́ọ̀mù tí kò ní ṣúgà ló dára. Ẹnu tó gbẹ pẹ́ ń ba eyín jẹ́, ẹ máa fọ̀ ọ́ dáadáa. Ìgbẹ́ á fẹ́ le: ewédú, ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ìbẹ́pẹ, omi, ìrìn díẹ̀ nírọ̀lẹ́. Tí kò bá gbọ́, ẹ wá gba oògùn tó ń rọ ìgbẹ́ lọ́dọ̀ fámásíìsì, kì í ṣe àgbo jẹ̀dí tí wọ́n fi ọtí rẹ. Oúnjẹ lè máa wu yín jẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ máa wọn ara yín lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹlẹ́ṣúgà ní pàtàkì.

Òòyì ìdìde ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, torí òun ló ń dá èèyàn ńlá mọ́lẹ̀. Oògùn yìí lè jẹ́ kí BP wálẹ̀ tí èèyàn bá dìde lójijì. Ẹ wo ìgbà tá a máa ń dìde lójijì: láti orí bẹ́ẹ̀dì lóru láti lọ tọ̀, láti ìforíkanlẹ̀ nínú ìrun, láti orí ìkúnlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, láti ìdọ̀bálẹ̀. Lóru, ẹ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì ná, ẹ mi ẹsẹ̀, ẹ mí kanlẹ̀, kẹ́ ẹ tó dìde, kẹ́ ẹ sì ní tọ́ọ̀ṣì nítòsí torí iná tí kì í dúró. Nínú ìrun asùbáà, tójú bá ń ṣú yín, ẹ bi dókítà kẹ́ ẹ tó tún gbé oògùn sókè, kò sì sí àléébù nínú kéèyàn kírun lórí àga fúngbà díẹ̀. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀, èyí kàn án ju ẹlòmíì lọ.

Ẹ má gbé e dúró sílé tí ọkàn bá ń lù kìkì tàbí ségesège, tẹ́ ẹ dákú, tí ìtọ̀ sé, tí ojú pọ́n tó ń dunni tẹ́ ẹ̀ ń rí òbìrí yíká iná, tàbí tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ. Ilé ìwòsàn.

Duloxetine yàtọ̀ díẹ̀. Owó ẹ̀ ga jù, àmọ́ kì í tó amitriptyline nínú pé kó gbẹ ẹnu tàbí kó da oorun boni, àwọn àgbàlagbà kan sì máa ń gbà á dáadáa. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún ìrora nẹ́ẹ̀fù tí àtọ̀gbẹ fà lọ́dún 2004. Wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ pẹ̀lú 30mg lójúmọ́ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, kó tó di 60mg. Oúnjẹ ni kẹ́ ẹ fi tì í, torí èébì ló fi máa ń kí èèyàn káàbọ̀, inú á máa rú ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ó sábà máa ń lọ. Ẹ má ṣí kápúsù náà sínú ẹ̀kọ tàbí kẹ́ ẹ lọ̀ ọ́, odindi ni kẹ́ ẹ gbé e mì. Ó lè gbé BP sókè díẹ̀, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ ẹ̀ ò dáa, tí kíndìnrín ẹ̀ ti rẹ̀ gan-an, tàbí tó ń mu ọtí bí omi, kò yẹ kó sún mọ́ ọn. Tí ojú bá pọ́n bíi ti ibà apọ́njú, tí ìtọ̀ dúdú, ẹ lọ rí dókítà kíá. Ní ti ọ̀rọ̀ yàrá, àwọn oògùn méjèèjì lè dín agbára tàbí ìfẹ́ ẹ̀ kù, mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé oògùn ni, kì í ṣe ìyàwó ilé ló ṣe nǹkan kan, ẹ sọ ọ́ fún dókítà, nǹkan wà tó lè yí padà.

Tó bá di oṣù Ràmàdáánì, amitriptyline ò ní wàhálà, alẹ́ náà ló wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu á gbẹ gan-an lọ́sàn-án. Duloxetine lè bọ́ sí ìgbà sààrì tàbí lẹ́yìn ìṣínu, ẹ mú ọ̀kan kẹ́ ẹ má máa yí i kiri. Àmọ́ ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kó kọ́kọ́ bi dókítà bóyá ó tiẹ̀ yẹ kó gbààwẹ̀ rárá.

Ibi tó ti ń dà rú ní ìlú wa ni àpòpọ̀ oògùn, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ dáadáa. Tramadol: ẹ má fi kún un fúnra yín, ó lè fa gìrì, ó sì lè jẹ́ kí serotonin pọ̀ jù lára, èèyàn á máa gbọ̀n, òógùn á bò ó, ara á gbóná, ọkàn á máa sáré, irú ẹ̀ ti pa èèyàn. Paraga àti gbogbo àgbo tí wọ́n rẹ sínú ọtí: oorun lórí oorun, ẹ̀dọ̀ náà ń sunkún. Piriton, Lexotan, Valium, oorun náà ni. Oògùn ibà ńkọ́? Èyí tẹ́nikẹ́ni kì í rántí nìyí. Artemether-lumefantrine, bíi Coartem tàbí Lonart, lumefantrine inú ẹ̀ lè jẹ́ kí amitriptyline pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, kí àwọn méjèèjì sì jọ da bí ọkàn ṣe ń lù rú. Torí náà tí ara bá ń gbóná, ẹ ṣe tẹ́ẹ̀sì ibà ná, kẹ́ ẹ sì sọ fún ẹni tó fẹ́ ta oògùn pé amitriptyline lẹ̀ ń lò, kó wá èyí tó bá a mu. Ẹni tó ń lo duloxetine, tiẹ̀ ni cipro, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń dédé rà nítorí taifọ́ọ̀dù: cipro kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ palẹ̀ duloxetine mọ́, á kó jọ sára. Diclofenac àti ibuprofen pẹ̀lú duloxetine lè mú kí ikùn ṣẹ̀jẹ̀, tí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, ẹ má rẹ́rìn-ín. Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn méjì pa pọ̀ láìjẹ́ pé dókítà ló kọ ọ́, rárá.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́? Ẹ má gbọ́kàn lé pé ẹ máa rántí. Ẹ mú ìwé àkọsílẹ̀ olówó pọ́ọ́kú kan, lálaalẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà kan láti 0 dé 10, 0 ni kò sí ìrora, 10 ni èyí tó le jù tẹ́ ẹ lè rò. Ẹ kọ bẹ́ ẹ ṣe sùn, ẹ kọ ohun kan tẹ́ ẹ lè ṣe lọ́jọ́ yẹn: mo dúró nídìí ọjà mi l'Ọ́jà Ọba títí di ọ̀sán, mo fẹsẹ̀ rìn láti Òkè-Fìà dé Ọláìyá. Màmá tí kò lè kọ̀wé lè fi ohùn sílẹ̀ lórí WhatsApp fún ọmọ. Èyí ni dókítà máa lò jù, ó dáa ju "ó sàn díẹ̀" tá a máa ń sọ lọ. Ẹni tó wà ní 8 tó wá sí 4 tó sì ń sùn, oògùn ti ṣiṣẹ́ fún un dáadáa nìyẹn. Ẹni tó ń dúró de 0 lè dúró pẹ́, kì í sábà dé 0. Kì í sì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń ṣiṣẹ́ fún, ẹ má dá ara yín lẹ́bi tó bá jẹ́ tiyín ni kò ṣiṣẹ́.

Tí kò bá ṣiṣẹ́, ọ̀nà ò tíì tán. Wọ́n lè pààrọ̀ ẹ̀ sí duloxetine, tàbí sí gabapentin tàbí pregabalin tí kì í ṣe oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní UK, tó jáde lọ́dún 2022, fi amitriptyline, duloxetine àti pregabalin wéra lára àwọn tí àtọ̀gbẹ ba nẹ́ẹ̀fù wọn jẹ́, kò sí èyí tó fi bẹ́ẹ̀ ju ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ lọ, nígbà tí ọ̀kan ò sì tó, fífi ìkejì kún un ran ọ̀pọ̀ wọn lọ́wọ́. Torí náà tí aládùúgbò yín bá ní pregabalin tòun ló dáa jù, ó lè jẹ́ òótọ́ fún òun.

Tẹ́ ẹ bá gbàgbé ti alẹ́, tó ti di àárọ̀, ẹ fi sílẹ̀, ẹ dúró de alẹ́, ẹ má lo méjì. Ti pé kẹ́ ẹ dá a dúró lójijì nítorí pé ara ti yá tàbí owó tán, ẹ má ṣe é. Orí á máa fọ́, inú á máa rú, oorun á sá, inú á kàn máa bí yín sí gbogbo èèyàn, ìrora náà sì lè padà pẹ̀lú ìbínú. Tí owó bá fẹ́ tán, ẹ tètè wá sọ kó tó tán. Tó bá ti tó oṣù mélòó kan tí ara balẹ̀, dókítà lè ní kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù díẹ̀díẹ̀, ó kéré tán láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, láti wò ó bóyá ẹ ṣì nílò ẹ̀.

Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára páálí kẹ́ ẹ tó sanwó. Amitriptyline tó bọ́ sọ́wọ́ ọmọ kékeré lè dá ọkàn ẹ̀ dúró, ìwọ̀nba hóró díẹ̀ péré lè pa á, torí náà ẹ má kó o sínú báàgì ọwọ́ tàbí sórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ gbé e sókè tàbí kẹ́ ẹ tì í mọ́ àpótí. Tí ẹnì kan nínú ilé bá ń sọ pé ayé ti sú òun, kí ẹlòmíì máa tọ́jú káàdì oògùn náà, kó máa fún un ní tọjọ́ kan lọ́jọ́ kan. Èyí tó bá ṣẹ́kù nígbà tí dókítà ti ní kẹ́ ẹ dúró, ẹ kó o padà wá bá wa ní kẹ́míìsì, ẹ má fi ta màmá ẹ̀gbẹ́ ilé tí ẹsẹ̀ ń dùn lọ́rẹ, ẹ ò mọ bí ọkàn tiwọn ṣe ń lù.